Ìwé Yorùbá wo ló wà lọ́wọ́ yín báyìí? Ẹ wá bá mi dá sí i

Aránṣọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú iṣẹ́ ajé. Ìbéèrè mi ò le: ìwé Yorùbá wo lẹ ń kà lọ́wọ́, ibo lẹ bá a dé, báwo lẹ sì ṣe rí i rà?

Ìdí tí mo fi ń béèrè rèé. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé gírámà, n ò ka ìwé Yorùbá kankan tán. Ọdún kẹtàdínlógún rèé. Àwọn nǹkan orí fóònù ni mò ń kà, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo rẹ̀. Láti bí oṣù mélòó kan ni ojú màmá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Glaucoma ni dókítà pè é. Màmá tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán, ìwé ni wọ́n máa ń gbé sójú, wọn ò rí lẹ́tà dáadáa mọ́. Wọ́n wá ní kí n máa kà á sí àwọn létí. Ogún Ọmọdé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ni wọ́n nà sí mi, èyí tí wọ́n ti fi kàlẹ́ńdà ọdún kan bá a dá èèpo.

A ti ka nǹkan bí ìdajì. Ìwé náà dùn mọ́ mi nínú, ìtàn ìgbà èwe ni, màmá sì máa ń dá mi dúró láti sọ tiwọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé mò ń kọsẹ̀. Mo máa pe ọ̀rọ̀ kan, ojú wọn á fà ro, wọ́n á ní, "Kí lo pè níbẹ̀ yẹn?" N óò tún padà sẹ́yìn. Lálẹ́ àná, ojú ìwé mẹ́ta péré la kà ní wákàtí kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe tí ẹnu mi á fi là? Kí la sì máa kà tẹ̀lé èyí?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Òṣogbo

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú màmá. Ìwọ náà á rí ẹni tí yóò kàwé sí ọ létí lọ́jọ́ alẹ́.

Ọdún 32 ni mo fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá, ohun tí mo rí kò yí padà: ẹni tó bá ń fi ojú nìkan ka ìwé Yorùbá, ahọ́n rẹ̀ ò ní tètè mọ̀nà. Kí o tó jókòó ti màmá lálẹ́, mú ìwé náà lọ́sàn-án, kí o ka ibi tí ẹ máa kà sókè sí ara rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, má da ara rẹ láàmú lórí ìtumọ̀, ohùn gbólóhùn ni kí o wá. Ibi tí ahọ́n bá ti kọ́, fi pẹ́ńsù fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà kejì, ibi tí o fàlà sí nìkan ni kí o tẹjú mọ́. Tó bá fi máa di alẹ́, o ti mọ ibi tí kòtò wà.

Ní ti èyí tí ẹ máa kà tẹ̀lé e, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni tèmi. Òun ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, ẹ̀ẹ̀kẹfà tí mò ń kà á rèé láyé mi. Ilé ìtẹ̀wé CMS ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Wo bí Fágúnwà tó kọ ọ́ ṣe to ìtàn náà. Àkàrà-oògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, kò fúnra rẹ̀ kọ̀wé. Ó wá bá ẹnì kan nílé, ó ní kó mú gègé àti tákàdá, kó máa kọ ohun tí òun bá ń sọ. Bí òkìkí ìtàn náà ṣe kàn, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ láti wá gbọ́, èrò sì ń pọ̀ sí i. Etí ni wọ́n fi ka ìwé yẹn kí ojú tó kà á. Bí o bá kà á fún màmá lálẹ́, bí wọ́n ṣe kà á fún èrò inú ìwé gan-an lo kà á yẹn.

Ohun kan tí wàá ṣọ́ra fún: bí ẹ̀dà àtijọ́ bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, aiye, enia, ọkọnrin àti obirin ni wàá bá níbẹ̀. Má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí, ayé, ènìyàn, ọkùnrin, obìnrin. Pe ọ̀rọ̀ náà bó o ṣe ń pè é nílé, má pe lẹ́tà. Tó o bá ti ka ojú ìwé mẹ́wàá, o ò ní mọ̀ pé ó yàtọ̀ mọ́.

Awakọ̀ Àkúrẹ́

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Àmọ́ ẹ jẹ́ n ta kò yín díẹ̀. Ẹni tí kò ka ìwé Yorùbá fún ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹ ò gbọdọ̀ ti inú Igbó Irúnmalẹ̀ mú un wọlé. Gbólóhùn Fágúnwà gùn, ó máa ń yí, á tún padà wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn tí mo pa á dé. Kì í ṣe pé kò dùn, èémí mi ni kò gbé e.

Ìwé tó dá mi padà sídìí Yorùbá ni Àjà Ló Lẹrù, ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, 1969. Lápàdé ti ṣe ọlọ́pàá rí, òun àti Tàfá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń lé àwọn oníṣẹ́ ibi kiri. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló pọ̀ níbẹ̀, òwe ń tẹ̀lé òwe, gbólóhùn ń sáré. Inú gáréèjì ni mo ti kà á, nígbà tí mo bá ń dúró de tọ́ọ̀nù mi. Lọ́jọ́ kan mo kà á sókè kí oorun má baà gbé mi, ọmọ kan tó ń ta ìpékeré wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ́tò, igbá lórí. Ó dúró títí ọkọ̀ mi fi kún. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí mi, kì í béèrè bóyá màá ra ìpékeré. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Lápàdé ti mú wọn?" ló máa ń béèrè. Mo máa ń ka ojú ìwé méjì fún un kí n tó ṣíná sí mọ́tò.

Aránṣọ, ẹ kọ́kọ́ ka ìyẹn fún màmá. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, Lápàdé tún wà nínú Àgbàlagbà Akàn, 1971. Èmi ti bọ́ sí Owó Ẹ̀jẹ̀ ti Kọ́lá Akínládé báyìí, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni òun náà. N ò tíì mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà, nítorí náà ẹ má sọ ọ́ fún mi.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Òṣogbo

Awakọ̀, dìde, o ò jẹ̀bi. Mo gbà pé Òkédìjí lè ṣíwájú. Àmọ́ kò yẹ kó gba ipò Fágúnwà. Èémí tó o ní kò gbé e yẹn, inú kíkà ni wàá ti rí i. Ibi tí Fágúnwà bá fi àmì ìdánudúró sí ni kí o ti mí, má mí níbòmíràn. Gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, kí o wá fún mi lésì.

Nọ́ọ̀sì Manchester

Ẹ kú àárọ̀ níbi tí ẹ̀ ń kà á sí. Iṣẹ́ òru ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ni mò ń kà. Láàárín 1929 sí 1930 ni I. B. Thomas ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Ó kọ ọ́ bíi lẹ́tà tí obìnrin Èkó kan tó ti jayé lọ́pọ̀lọpọ̀ nígbà tó lẹ́wà ń kọ látorí ibùsùn àìsàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ìgbà náà gbà pé obìnrin gidi ni, wọ́n ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà nítorí rẹ̀. Èmi tí mò ń rí aláìsàn lójoojúmọ́, mo mọ ohùn yẹn. Ẹni tó wà lórí ibùsùn máa ń fẹ́ sọ̀rọ̀ lóru, á máa dárúkọ àwọn èèyàn tó ti kú, á máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bí mo bá dé ibi tó ti ń ké sí àwọn òǹkàwé, mo máa ń sọ ìwé sílẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀dà tí Karin Barber ṣètò ní 2012 ló wà lọ́wọ́ mi. Yorùbá wà lápá kan, Gẹ̀ẹ́sì kojú rẹ̀ lápá kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ lókè òkun, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ràn wá lọ́wọ́. Sẹ̀gilọlá kì í ṣe ìwé ọmọdé o, èmi nìkan ni mò ń kà á. Ogún Ọmọdé ni èmi àti ọmọ mi ọlọ́dún mọ́kànlá ń kà, torí Pamela Smith ti túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ka gbólóhùn kan ní Yorùbá, òun á kà á tẹ̀lé mi, a ò ní wo Gẹ̀ẹ́sì àfi tó bá bi mí ní ìbéèrè. Ní oṣù àkọ́kọ́, ìbéèrè pọ̀ ju ìwé lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó rẹ́rìn-ín níbì kan kí n tó túmọ̀ ohunkóhun. Mo yí ojú sí ògiri kó má baà rí omi lójú mi.

Tí owó ìwé bá ga jù lọ́dọ̀ yín níbí, ẹ lọ bá ilé ìkàwé àdúgbò yín, kí wọ́n bá yín yá a láti ilé ìkàwé mìíràn. Bí mo ṣe rí Sẹ̀gilọlá nìyẹn, mo sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n tún un yá fún mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀

Ó Le Kú ni tèmi. Fún ẹni tó bá fẹ́ Yorùbá tí à ń sọ gan-an, èyí tí kò ní rẹ̀ ẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìtàn Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, àti àwọn ọmọbìnrin tí ọkàn rẹ̀ pín sí. Ìwé náà jáde ní 1974, fíìmù Túndé Kèlání sì jáde ní 1997. Ẹ ka ìwé kí ẹ tó wo fíìmù o. Mo ti wo fíìmù ṣáájú, ojú àwọn òṣèré ni mo ń rí jálẹ̀, n ò lè fi ojú inú mi ya Àṣàkẹ́ fúnra mi.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ọ̀yọ́

Kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu ba eré onítàn, bẹ́ẹ̀ òun ló rọrùn jù láti kà sókè. Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Ìṣọ̀lá, 1970, la ń kà nílé wa lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. A pín in. Èmi ni Ẹfúnṣetán, ọkọ mi ni Látòósà olórí ológun Ìbàdàn, àwọn ọmọ pín àwọn ẹrú àti ìyókù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kékeré inú wọn kò tíì mọ̀ọ́ kà dáadáa, òun ló ń ka orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ọmọ tí kì í fẹ́ sọ Yorùbá, bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ ọba tàbí ti ológun lé e lẹ́nu, ẹ máa rí i bó ṣe máa na àyà.

Nígbà tí a parí rẹ̀, àkọ́bí mi béèrè pé ṣé obìnrin náà burú tó bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. N ò fẹ́ purọ́ fún un. Mo lọ yá ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tó parí ní 1897 tí kò sì jáde títí di 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tí àbúrò rẹ̀ Obadiah fi àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ tún un kọ nítorí pé ti àkọ́kọ́ ti sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé. Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe ń kà á. Ikú Ẹfúnṣetán inú ibẹ̀ kò bá ti eré mu. Ní 1874, òru ni àwọn ẹrú rẹ̀ wọlé pa á, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣẹ̀yìn Látòósà. Ìyálóde Ìbàdàn ni, ọlọ́rọ̀ ni, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti kú nígbà ìrọbí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ mi ní òun fẹ́ tún eré náà kà, pé kí èmi má fi ohùn líle ka Ẹfúnṣetán níbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ó tọ̀nà. Bí ẹ bá rí méjèèjì, ẹ kà wọ́n pọ̀.

Ará Kétu

Láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kí yín. Faransé la fi kàwé níléèwé, Yorùbá tí wọ́n sì kọ́ wa láti kọ, ɛ àti ɔ ló ń lò dípò ẹ àti ọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ ra Igbó Olódùmarè ti Fágúnwà bọ̀ láti Abẹ́òkúta, mo rò pé ìdọ̀tí ló wà lábẹ́ lẹ́tà. Ọjọ́ méjì ló gbà kí ojú mi tó mọ́ ọn. Ẹ̀yin ará ọ̀dọ̀ wa tó ń bẹ̀rù ìwé tó ti Nàìjíríà wá, ẹ má bẹ̀rù mọ́, èdè wa náà ni. Bàbá tó sọ̀rọ̀ láti Òṣogbo sọ òótọ́, ẹ pe ọ̀rọ̀, ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀.

Òǹtàwé Ìbàdàn

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, inú mi dùn débi pé mo pa ìsọ̀ dé kí n lè kọ èyí. Àwọn ìwé tí ẹ dárúkọ wọ̀nyí, àlòkù ló pọ̀ jù nínú èyí tí mò ń tà, ó sì máa ń dùn mí tí wọ́n bá ta ìwé tó ti bàjẹ́ fún ẹni tó fẹ́ kàwé.

Bí ẹ bá mú ìwé àlòkù dání, ẹ má wo èèpo. Ẹ ṣí i sí àárín gbùngbùn. Pínnì ni wọ́n fi so ọ̀pọ̀ ìwé ilé ìwé àtijọ́, bí pínnì bá ti dípẹtà, ewé àárín ló ń kọ́kọ́ bọ́. Ẹ ka nọ́ńbà ojú ìwé níbẹ̀, kẹ́ ẹ rí i pé kò fò. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo ewé ìkẹyìn. Obìnrin kan ra ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ewé méjì ìparí ti já, ó ń bi gbogbo wa káàkiri ìsọ̀ pé ta ló ṣe é.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ayédèrú. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ máa ń ya fọ́tò ìwé ni, àmì orí lẹ́tà àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà ló sì máa ń kọ́kọ́ pòórá. Ẹ wá ẹ, ọ àti ṣ lójú ìwé kan, kí ẹ fi ìka tẹ̀ lé ìlà. Bí àmì ìsàlẹ̀ bá wà lábẹ́ òmíràn tí kò sí lábẹ́ èkejì, ẹ dá a padà. Aránṣọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ń mú yín kọsẹ̀ nìyẹn. Bí ìwé bá kọ "o fo igba" láìlámìí, ṣé ó fọ igbá ni àbí ó fọ́ igbá? Ọ̀kan mọ́ tónítóní, èkejì ti di àfọ́kù. Ẹ ya ojú ìwé kan ránṣẹ́ kí n bá yín wò ó.

Bí ewé bá ya, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ á pọ́n, á sì gbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ. Kí ẹ tó wá àlòkù, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè ní Jẹ́ríkò, ọ̀pọ̀ atẹ̀wé wà níbẹ̀, University Press wà lára wọn. Ìwé tí wọ́n sọ fún yín lọ́jà pé kò sí mọ́, nígbà mìíràn ó wà ní yàrá ìkẹ́rùsí wọn.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá

Gbogbo yín pátá, ẹ ṣeun. Mo pẹ́ kí n tó padà wá, iṣẹ́ aṣọ ẹbí ló wà lọ́rùn mi.

Òǹtàwé, ẹ ò ṣìnà rárá. Ìwé màmá kì í ṣe ayédèrú, àmọ́ omi ti kan apá òkè rẹ̀ rí, àmì orí lẹ́tà ti ṣí ní ibi púpọ̀. Mo lo ọgbọ́n Bàbá Olùkọ́. Mò ń ka ojú ìwé alẹ́ lọ́sàn-án ní ìsọ̀, bí mo ṣe ń dúró kí áyọ́ọ̀nù gbóná. Ní ọjọ́ kẹta ni mo ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo ní kí ló dé. Àbúrò inú wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dúró." Mo kà á dé òpin orí náà fún wọn. Bó ṣe di pé ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni ẹ̀rọ ń sinmi nísọ̀ wa nìyẹn.

Àmì orí lẹ́tà tó ṣí, èmi àti màmá la jọ ń dá wọn padà. Mo máa ka gbólóhùn, wọ́n á pè é bó ṣe yẹ, n óò fi pẹ́ńsù kọ àmì sí i. Lálẹ́ ọjọ́rú, ọ̀rọ̀ oko mú wọn rántí bàbá wọn, wọ́n ní àwọn máa ń sun iṣu jẹ nínú aporo. Mi ò mọ aporo. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni kó ebè jọ, wọ́n wá fi ìka fa àárín rẹ̀ lórí aṣọ ìbora, "Ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà láàárín ebè méjì, òun là ń pè ní aporo." Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé. Ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlá ló ti wà níbẹ̀ báyìí.

A parí Ogún Ọmọdé ní àná. Ojú ìwé mẹ́sàn-án la kà ní wákàtí kan. Mo ka orúkọ ìwé méjèèjì tí Bàbá Olùkọ́ àti Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ ń jà lé lórí fún màmá, mo ní kí wọ́n yan ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn ti ka Fágúnwà nígbà tí ojú ṣì ríran, àmọ́ àwọn ò tíì gbọ́ ọ rí, nítorí náà òun ni ká fi ṣe ẹ̀kejì, ká kọ́kọ́ ka ti Lápàdé kí ẹnu mi lè yá kí a tó wọ igbó. Mo ti rà á. Mo ṣí i sí àárín, nọ́ńbà kò fò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ní àwọn ò ní tètè relé lónìí, màmá sì ti ní kí n tan fìtílà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí iná má baà lọ mọ́ wa lójú nígbà tí a bá wà láàárín rẹ̀.